Pikọ́ọ̀pù half-ton (èyí tó fúyẹ́ jù nínú àwọn pikọ́ọ̀pù ńlá) wo ni kí n rà tí mo fẹ́ fi fa travel trailer? Ìdílé ẹni márùn-ún, Texas

BabaTọ́lání_Katy
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Katy níbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ni mò ń gbé, èmi, ìyàwó àtọmọ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ò jẹ́ kí n sinmi mọ́, wọ́n láwọn fẹ́ máa lọ kámpù bíi tàwọn ọ̀rẹ́ wọn níléèwé, ìyá wọn wá ní òun ò ní sùn nínú tẹ́ǹtì láéláé, bó ṣe di ọ̀rọ̀ travel trailer, ilé onítáyà tí ọkọ̀ ń fà, nìyẹn. Èyí tó wù wá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 29, yàrá àwọn ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé òfìfo ẹ̀ jẹ́ páùn 5,900, GVWR ẹ̀ (ìwọ̀n tí ò gbọdọ̀ kọjá tẹ́rù bá wà nínú ẹ̀) 7,500. Sienna la ní báyìí, ìyẹn ò sì lè gbìyànjú ẹ̀ rárá. Pikọ́ọ̀pù àlòkù ni mo fẹ́ rà, 2021 sókè, half-ton ni mo sì fẹ́ torí òun náà ni màá máa gbé lọ síbi iṣẹ́. F-150, Ram 1500, Silverado, Tundra, mo ti wo gbogbo ẹ̀ títí ojú fi ń ro mí. Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ní F-150 elẹ́ńjìnnì EcoBoost 3.5 yẹn lè fa páùn 13,000, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Ṣé òótọ́ ni? Galveston àti Garner State Park la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, tó bá yá ká gbé e dé Colorado. Ẹ má fi gírámà pa mí o ẹ jọ̀ọ́.

Akọ́ṣẹ́_Dallas
Ẹ káàbọ̀ ọ̀gá. Ẹni yẹn ò parọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Bí wọ́n ṣe ń rí nọ́ńbà 13,000 yẹn, dẹ́rẹ́bà kan àti èrò kan péré ni wọ́n kà mọ́ ọn, páùn 150 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kò sọ́mọ, kò sí kúlà, kò sí nǹkan kan nínú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn. Ìlànà SAE (ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ọkọ̀) tí wọ́n ń pè ní J2807 ni wọ́n ń tẹ̀ lé, òkè Davis Dam ní Arizona sì wà lára ìdánwò ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹn á gun òkè yẹn, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé ẹni márùn-ún, ohun tó máa kọ́kọ́ tán lára half-ton kì í ṣe agbára ẹ́ńjìnnì, payload ni, ìyẹn ìwọ̀n tí tọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀ lè gbé. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ẹ wo sítíkà tó ní yẹ́lò lára tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ibẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpapọ̀ èrò àti ẹrù ò gbọdọ̀ kọjá páùn báyìí báyìí. Nọ́ńbà yẹn ni kẹ́ ẹ lọ há sórí, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìpolówó. Tọ́ọ̀kì méjì tó jọra bí ìbejì, tí wọ́n jọ wá láti ilé iṣẹ́ kan náà lọ́dún kan náà, payload wọn lè fi páùn 500 jura lọ.

BabaTọ́lání_Katy
Ẹ ṣeun ọ̀gá. Àmọ́ kò tíì yé mi. Ṣebí payload ni ohun téèyàn kó sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù? Trailer ní táyà tiẹ̀ tó dúró lé, báwo ló ṣe wá kan payload?

Akọ́ṣẹ́_Dallas
Ó kàn án gan-an ni. Ẹ bá mi kà á. 5,900 tí wọ́n kọ yẹn, kò sí omi nínú ẹ̀, kò sí ìkòkò, kò sí aṣọ, bátìrì pàápàá lè má sí níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kó ẹrù yín sínú ẹ̀ tán ó máa kọjá 7,000, ẹ jẹ́ ká fi sí 7,200. Nínú ẹ̀, ìdá 10 sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ tẹ ìkọ́ tó wà lẹ́yìn tọ́ọ̀kì, torí tí ò bá tó ìdá 10, trailer á bẹ̀rẹ̀ sí í fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún lórí eré, ìyẹn ló ń dojú mọ́tò dé. Ẹ mú ìdá 13, ó jẹ́ páùn 936. Orí tọ́ọ̀kì yín ni 936 yẹn wà, tọ́ọ̀kì ló ń gbé e. Irin weight distribution hitch (ìkọ́ tó ń pín ìwúwo trailer sí gbogbo táyà) fúnra ẹ̀ á tó 90. Ẹ̀yin, màdáámù àtàwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká pè é ní 650. Kúlà, jẹnẹrétọ̀, igi ìdáná àti iṣu (mo mọ̀ wá, a kì í lọ síbì kankan láìgbé iṣu), 200. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ di 1,876. Half-ton full option tó kún ọjà yìí, lára ọ̀pọ̀ wọn 1,300 sí 1,500 ni sítíkà ń sọ. Ṣé ẹ rí i báyìí? Tọ́ọ̀kì tó lè fa 13,000 á ti kún àkúnjù kí trailer yín tó dé 7,500.

ToyotaNiBaba
Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí ẹ fẹ́ràn ìṣirò jù. Tundra ni kí wọ́n rà kí wọ́n sinmi. San Antonio níbí ni wọ́n ti ń tò ó, ìyẹn tuntun ní túbò méjì, hp (agbára ẹ́ńjìnnì) 389, torque (agbára tó fi ń yí táyà) 479, ó ń fa tó 12,000. Ṣé ẹ ti gbàgbé pé Tundra ló fa Endeavour, ọkọ̀ òfuurufú NASA yẹn, kọjá lórí bíríjì ní Los Angeles lọ́dún 2012? Nǹkan bí páùn 300,000! Ford wo ló ṣe irú ẹ̀? Tó bá sì sú yín lọ́la ẹ fi ránṣẹ́ sílé, wọ́n á jà á gbà lọ́wọ́ yín ní Berger.

Akọ́ṣẹ́_Dallas
😂😂 Ẹ̀gbọ́n, orí pèpéle onítáyà tí wọ́n ṣe fún un ni ọkọ̀ yẹn wà, ojú ọ̀nà tó tẹ́jú sì ni wọ́n ti fà á, ìrìn díẹ̀díẹ̀. Ìpolówó tó dáa ni, mi ò bá a jà. Tundra ọdún yẹn gan-an, èyí tó ní V8 5.7, ọkọ̀ gidi ni, 2021 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn, epo ló kàn ń mu yó. Èyí tuntun náà dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra 2022 tàbí 2023 kó fi VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀) ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí lọ́dún 2024 Toyota fúnra wọn pe nǹkan bí 102,000 ọkọ̀ padà, pé ó ṣeé ṣe kí èérún irin tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n ń gé ẹ́ńjìnnì wà nínú ẹ̀. Payload ẹ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó bá ti jẹ́ CrewMax (onílẹ̀kùn mẹ́rin tí inú ẹ̀ fẹ̀) olówó ńlá. Orúkọ rere kì í gbé ẹrù.

ÌyáOníKámpù_Atlanta
Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi ni mo máa ń fa tiwa, ọkọ mi ló máa ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá Tọ́lání, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ Akọ́ṣẹ́. Màá wá fi ti obìnrin kún un: ohun tẹ́ ẹ máa kó dání á pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Omi nìkan, gálọ́ọ̀nù kan ju páùn mẹ́jọ lọ, táǹkì 40 gálọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ bá pọn kún láti ilé, ó ti ju páùn 330 lọ nìyẹn. Ẹ má pọn ọn kúrò nílé, ẹ dé kámpù kẹ́ ẹ tó pọn ọn, àyàfi tí ibi tẹ́ ẹ ń lọ ò bá lómi. Sílíńdà gáàsì méjì tó wà níwájú trailer, orí ìkọ́ gan-an ni wọ́n ń tẹ̀. Bátìrì náà níwájú. Ibi tẹ́ ẹ máa kó ìkòkò sí, ẹ̀rọ ìlọta, odó kékeré (mo mọ̀ pé ẹnì kan máa gbé odó), gbogbo ẹ̀ ló ń yí ìwọ̀n yẹn padà. Ìyẹn la fi ń sọ pé kẹ́ ẹ má fi ìwọ̀n inú ìwé ṣe nǹkan kan.

MáFòyà_OKC
Ẹ máa dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń fi Ram 1500 Limited fa páùn 8,000 láti ọjọ́ tó ti pẹ́, Hemi ni, hp 395, kì í tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà lẹ́yìn òun. Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fi sítíkà bo ara wọn nítorí lọ́yà. Tó bá ti lè fà á, ó lè fà á.

ÌyáOníKámpù_Atlanta
Àbúrò, fífà kọ́ nìṣòro. Ẹnikẹ́ni lè fà á. Ọjọ́ tí 18-wheeler bá fi eré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lórí I-20, tí atẹ́gùn ẹ̀ kọ́kọ́ tì yín, tó wá fà yín mọ́ra, ọjọ́ yẹn lẹ máa mọ̀. Tí ẹ̀yìn tọ́ọ̀kì bá ti wọlẹ̀ jù, iwájú á fúyẹ́, táyà iwájú lẹ sì fi ń yà, òun náà ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ bíréèkì. Ram ní kọ́ìlì lẹ́yìn dípò sípíríǹgì pẹlẹbẹ, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn ún gùn ju gbogbo wọn lọ, mi ò jiyàn. Limited tó ní ìdúró afẹ́fẹ́, ó máa gbé ara ẹ̀ sókè kó tẹ́jú, ojú á gbà pé kò sí nǹkan kan, àmọ́ títẹ́jú yẹn ò fi páùn kan kún payload. Lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń rí 1,200 sí 1,300. Ẹ bá mi bi ẹ̀gbọ́n yín bóyá wọ́n ti gbé e lọ wọ̀n rí.

MáFòyà_OKC
Mi ò rò pé wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Màá bi wọ́n.

ỌmọÒkè_Denver
Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó mẹ́nu ba Colorado, ẹ dá mi lóhùn: òkè wo? Tẹ́ ẹ bá wá láti Houston ẹ máa gba Amarillo, ẹ gun Raton Pass lórí I-25, ibẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7,834. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kọjá Denver lọ síwájú lórí I-70, Eisenhower Tunnel ń dúró dè yín ní 11,158. Afẹ́fẹ́ ò pọ̀ lókè. Ẹ́ńjìnnì tí ò ní túbò, bíi Hemi tàbí V8 5.3 ti Silverado, nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ẹ̀ ló ń sọ nù ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 1,000, kó tó dé tunnel ó ti pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ẹ̀. Hemi hp 395 yẹn á máa ṣe bí 265. Á gùn ún o, ṣùgbọ́n á máa ké tẹnu tẹnu, ẹ̀yin náà á sì wà ní léènì ọ̀tún pẹ̀lú àwọn tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Túbò máa ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ fún afẹ́fẹ́ wọlé, kì í sọ tó bẹ́ẹ̀ nù. EcoBoost 3.5 onítúbò, hp 400 torque 500, òun ni mo máa mú fún òkè yìí nínú oní-epo. Dísẹ́ẹ̀lì 3.0 Duramax ti Silverado náà dáa gan, torque 495 lára tuntun ẹ̀, epo tó ń mu nígbà tó bá ń fà kéré sí ti gbogbo wọn.

Àti sísọ̀kalẹ̀ o! Ẹ tẹ bọ́tìnnì tow/haul (tí wọ́n ṣe fún fífa ẹrù), ẹ jẹ́ kí jíà máa dá ọkọ̀ dúró, ẹ má fẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ti rí bíréèkì tó ń rú èéfín níbí.

BabaTọ́lání_Katy
Haa. Ẹ ti là mí lójú. Ẹnì kan níṣọ́ọ̀ṣì ní kí n gbàgbé EcoBoost pé túbò máa ń bàjẹ́, pé V8 6.2 ti GM ni ọkùnrin gidi.

Akọ́ṣẹ́_Dallas
6.2 dùn ún wà, hp 420 torque 460. Àmọ́ ní April 2025 GM pe nǹkan bí 600,000 padà ní Amẹ́ríkà níbí nítorí crankshaft (irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) àti bearing inú ẹ̀, 2021 sí 2024. Ọdún tẹ́ ẹ fẹ́ rà gan-an nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ bèèrè ìwé pé wọ́n ti ṣe é. EcoBoost náà ní tiẹ̀, àwọn 2017 sí 2020 ni wọ́n mọ̀ mọ́ ariwo cam phaser (ẹ̀yà tó ń tún àkókò ṣíṣí fáàfù ṣe), tẹ́ ẹ bá ṣáná sí i láàárọ̀ nígbà tó ti tutù á ro gàràgàrà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Hemi ní ti lifter, irin kékeré tó ń ti fáàfù ṣí. Duramax 3.0 ti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́líìtì tó ń yí ọ́ìlì pọ́ǹpù ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ló wà, tó bá di máìlì 150,000 wọ́n ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, jíà gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ kọ́wọ́ tó débẹ̀. Kò sí èyí tí ò lárùn. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ẹ fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ, táǹkì epo. Tẹ́ ẹ bá ń fa nǹkan tó ga tó sì fẹ̀ tó yẹn, máìlì 8 sí 10 ni gálọ́ọ̀nù kan máa gbé yín. Silverado crew cab gálọ́ọ̀nù 24 ló ń gbà. Ẹ fi mẹ́sàn-án sọ ọ́ di púpọ̀, ó ku díẹ̀ kó pé máìlì 220, ẹ ò sì ní dúró dìgbà tó bá gbẹ. Ẹ ronú West Texas, tí ọmọ mẹ́ta ń bi yín pé ṣé a ti dé. F-150 tó ní táǹkì 36 wà, Ram tó ní 33 wà, Tundra ń gbà tó 32. Fún èmi o, táǹkì ńlá sàn ju hp 30 lọ.

Adé_Ìkẹjà
Èkó ni mo ti ń kà yín bọ̀, ẹ kú ìgbádùn. Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí wọn ò kúkú ra F-250 tó lágbára ju half-ton lọ kí gbogbo ìṣirò yìí parí?

Akọ́ṣẹ́_Dallas
Ìbéèrè tó dáa. Tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń fa nǹkan, màá ní kó rà á. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbé e lọ síbi iṣẹ́, F-250 le lábẹ́, ó ga, páàkìnnì ẹ̀ láàárín Houston ìyà ni. Kí n tún sọ èyí tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu: F-250 dísẹ́ẹ̀lì full option, ẹ́ńjìnnì yẹn wúwo, tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi GVWR 10,000 sí, payload ẹ̀ lè jẹ́ 2,000 àti díẹ̀ péré. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì oní-epo 7.3 ló máa ń gbẹ́rù dáadáa. Ẹ ò rí i, F-250 náà, ẹ ṣì máa ṣí ilẹ̀kùn wo sítíkà.

ÌyáOníKámpù_Atlanta
Bàbá Tọ́lání, ohun tí n bá ṣe tó bá jẹ́ èmi: ẹ wá F-150 XLT tí nǹkan ìgbádùn ẹ̀ ò pọ̀, ẹ má wá Platinum olówó ńlá. Àga aláwọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, òrùlé onígíláàsì, irin ìgbẹ́sẹ̀ tó ń jáde fúnra ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni tọ́ọ̀kì ti ń gbé kẹ́ ẹ tó wọlé, inú payload yín ni wọ́n ti ń yọ ọ́. 4x4 náà ń yọ tiẹ̀, tí ẹ ò bá ní í wọ ẹrọ̀fọ̀ tàbí yìnyín, ẹ ò nílò ẹ̀ fún Galveston. Ẹ rí i dájú pé Max Trailer Tow (àkójọ ohun èlò Ford fún fífa ẹrù ńlá) wà lára ẹ̀, kì í ṣe ìkọ́ lásán. Lábẹ́ ìkọ́ náà sítíkà tún wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ F-150 ni wọ́n kọ páùn 500 (ohun tó tẹ ìkọ́) àti 5,000 (trailer fúnra ẹ̀) sí bẹ́ ẹ bá gbé trailer kọ́ ọ lásán, pẹ̀lú weight distribution hitch ló tó ń fò sókè. Tiyín ò ṣe é kọ́ lásán rárá nìyẹn.

BabaTọ́lání_Katy
Mo ti dé ọ̀dọ̀ dílà méjì. Àkọ́kọ́, mo ní kí wọ́n ya fọ́tò sítíkà ilẹ̀kùn fún mi kí n tó wá, ó ní gbogbo F-150 ló rí bákan náà. Mo débẹ̀, Platinum ni, 1,412! Ìyàwó mi ti jókòó sórí àga ẹ̀, kò fẹ́ dìde mọ́. Ọ̀dọ̀ ìkejì, XLT, 3.5, kì í ṣe 4x4, Max Tow wà lára ẹ̀, táǹkì 36, sítíkà ní 1,934. Tí mo bá fi ti Akọ́ṣẹ́ ṣe é, ó ku páùn 58 péré, ìyẹn tó bá jẹ́ pé màmá ìyàwó mi ò bá wa lọ o, wọ́n sì ti ní àwọn máa bá wa lọ.

Akọ́ṣẹ́_Dallas
58 ò tó ọ̀gá. Bàtà àwọn ọmọ nìkan á jẹ ẹ́. Tọ́ọ̀kì yẹn dáa, ẹ mú un. Trailer ni kẹ́ ẹ dín kù. Ẹ wá èyí tí GVWR ẹ̀ ò ju 6,300 lọ, tó bá kún tán tó jẹ́ 6,000, ìdá 13 ẹ̀ jẹ́ 780, ẹ ti gba páùn 156 padà. Màmá ti ráyè jókòó.

BabaTọ́lání_Katy
Ìyàwó mi ní tó bá jẹ́ torí màmá òun ni, òun gbà. Kékeré tá a rí, ẹsẹ̀ bàtà 25, bẹ́ẹ̀dì méjì tó wà lórí ara wọn fáwọn ọmọ, tábìlì ẹ̀ ń di bẹ́ẹ̀dì, GVWR 6,200. Kí ló kù?

ÌyáOníKámpù_Atlanta
Bíréèkì. Ní Texas, trailer tó bá ti kọjá 4,500 gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tiẹ̀, ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù tọ́ọ̀kì yẹn bóyá brake controller (ohun tó ń darí bíréèkì trailer) wà níbẹ̀. Ẹ kọ́ ibi tí bọ́tìnnì ọwọ́ ẹ̀ wà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Tí trailer bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì, ẹ má tẹ bíréèkì tọ́ọ̀kì, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo, ẹ di sítíàrìn mú gírí, ẹ wá tẹ bọ́tìnnì yẹn kí bíréèkì trailer nìkan fà á tọ́. Táyà trailer náà, ST ni wọ́n ń kọ sí i, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju máìlì 65 láàárín wákàtí lọ. Ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe é, tó bá ti tó ọdún 6 ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kódà kó máa dán.

Akọ́ṣẹ́_Dallas
Kẹ́ ẹ tó lọ síbi tó jìn, ẹ kó gbogbo ẹrù àti gbogbo èèyàn sínú ẹ̀, ẹ gbé e lọ CAT Scale (òṣùwọ̀n ọkọ̀ ńlá) ní ibùdókọ̀ àwọn 18-wheeler. Táyà iwájú tọ́ọ̀kì lórí pèpéle àkọ́kọ́, tẹ̀yìn lórí èkejì, trailer lórí ẹ̀kẹta. Ẹ gba ìwé yín. Ẹ lọ tú trailer sílẹ̀, ẹ padà wá wọn tọ́ọ̀kì nìkan. Ẹ fi ìwé méjèèjì sí i níbí, a ó jọ kà á.

MáFòyà_OKC
Ẹ̀gbọ́n mi lọ wọ̀n ọ́n. Wọ́n fi páùn 640 kọjá. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

ToyotaNiBaba
😂😂😂 Bàbá Tọ́lání, ẹ bá mi bi dílà ìkejì yẹn bóyá Tundra kankan wà nílẹ̀ tí sítíkà ẹ̀ ju 1,700 lọ. Kí wọ́n ya fọ́tò ilẹ̀kùn ẹ̀ ránṣẹ́.